Bàbá Gúnrégé àti Fọ́tò Tí Kò Gún

Kò sí ẹni tó mọ Bàbá Gúnrégé ládùúgbò wa tí kò mọ ìlà ṣòkòtò rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni. Bí ó bá lọ ṣòkòtò fún ọ, ìlà iwájú rẹ̀ á mú bí ojú abẹ, kò ní yà sọ́tùn-ún, kò ní yà sósì, láti ìdí bẹ́líìtì títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Kì í sì í ṣe lórí aṣọ nìkan. Bí ó bá wọ ilé rẹ tí kàlẹ́ńdà rẹ fì díẹ̀ lára ògiri, kò ní gbọ́ ohun tí ò ń bá a sọ mọ́ títí yóò fi dìde lọ tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí òun bá kú, ọkọ òun á kọ́kọ́ wò ó bóyá pósí náà dọ́gba kó tó sunkún.

Àyà ló dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ooru áyọ́ọ̀nù tó ti ń fà símú láti ìgbà èwe rẹ̀ di ikọ́ tí kò lọ. Dókítà sọ fún un pé tí ó bá ṣì fẹ́ máa mí, kó jìnnà sí ooru. Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ gba iṣẹ́ náà ṣe nísàlẹ̀, tí òun sì jókòó sójú fèrèsé yàrá òkè, tó ń gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń rìn lórí tábìlì.

“Ìyẹn ò gún,” á ké láti òkè.

“Ẹ ò tíì rí aṣọ ọ̀hún o, Bàbá.”

“Mo gbọ́ ọ.”

Ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú tó jìnnà, gbọ́ ẹjọ́ áyọ́ọ̀nù yìí lórí fóònù títí ó fi sú u. Ó fi kámẹ́rà kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí èèyàn kàn ń tẹ̀ pẹ́rẹ́ tí fọ́tò á jáde o. Irú èyí tí àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun ń lò ni. Ó dúdú, ó wúwo, ojú rẹ̀ gùn síta bí ife onígíláàsì, bọ́tìnì sì rọ̀gbà yí i ká bí èèrà tó rí ṣúgà.

“Bàbá mi, ẹ máa fi ya ohun tí ẹ bá ń rí lójú fèrèsé,” ni ọmọ náà wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Màámi sílẹ̀ kí wọ́n ráyè ṣiṣẹ́.”

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà. Fọ́tò náà funfun báláú, bí ẹni tí wọ́n da sítáàṣì sí lójú. Ó yí nǹkan kan, ó tún un yà. Òkùnkùn biribiri, eyín nìkan ló hàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta mọ́ dáadáa, àwọ̀ aṣọ yọ, bọ́tìnì aṣọ yọ, ṣùgbọ́n orí ò sí níbẹ̀.

Ìyàwó wò ó pẹ́. “Ẹ ti bẹ́ mi lórí,” ló wí. “Ẹ kú iṣẹ́.”

Ó yí èyí, ó tẹ tọ̀hún. Bí fọ́tò àárọ̀ bá jọ pé ó fẹ́ dáa, kó tó di ọ̀sán ọwọ́ rẹ̀ á ti kan nǹkan mìíràn, kò sì ní mọ ohun tó kàn. Fọ́tò ológbò ṣe bàìbàì. Àwọn ọmọ tó ń tilé ìwé bọ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi omi pa rẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n ti ń yìn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ wá di ẹni tí nǹkan tí kò tó búrẹ́dì kan ń dójú tì nínú yàrá ara rẹ̀.

Onífọ́tò kan wà ní ìkángun òpópónà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin, oníbàárà wọn. Ìyàwó ló bẹ̀ ẹ́ kó gòkè wá bá ọkọ òun wò ó.

“Bàbá, èèyàn ló ń yọ yín lẹ́nu,” ni onífọ́tò wí nígbà tó rí àwọn fọ́tò náà tán. “Èèyàn ń mira, ológbò ń sá. Ẹ kọ́kọ́ mú nǹkan tó dúró sójú kan. Ilé tó wà níwájú yín yìí ńkọ́? Ilé kì í mira, kì í sẹ́jú.”

Ó yá a ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àtijọ́ kan tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Ó sì fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn án nínú kámẹ́rà ọ̀hún: bí kámẹ́rà bá fì, ìlà náà á pọ́n, bó bá dọ́gba, á di àwọ̀ ewé. Ojú Bàbá Gúnrégé tàn. Nínú gbogbo ohun tó wà lára nǹkan yìí, èyí nìkan ló sọ èdè tó gbọ́.

Ilé tó wà níwájú fèrèsé rẹ̀ jẹ́ ti ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Onílé. Nígbà tó kọ́ ọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni. Nígbà tó yá, ó kọ́ òmíràn lé e fún ara rẹ̀, ó sì gbé táńkì omi ńláńlá méjì lé orí ìyẹn. Aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Àbúrò ìyàwó Bàbá Gúnrégé, tó jẹ́ tíṣà, ń gbé láàárín pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, òun àtàwọn ayálégbé mìíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, òpó iná kan dúró, ó ga tó òrùlé.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Bàbá Gúnrégé bá ti lo oògùn ikọ́ rẹ̀ tán láàárọ̀, ó di ojú fèrèsé. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta náà sójú kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbálẹ̀ kàn án. Onífọ́tò a máa bá a tẹ àwọn fọ́tò náà jáde sórí bébà. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yé e. Ó mọ bí a ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ó mọ bí a ti ń yí ojú kámẹ́rà títí bíríkì ara ògiri á fi yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí fèrèsé aránṣọ, ó rí aṣọ tí tíṣà sá, ó rí ife tíì Bàbá Onílé lórí bákónì. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó kọ̀ fún un. Ilé náà ò gún.

Ìlà inú kámẹ́rà di àwọ̀ ewé, kò sí àní-àní. Síbẹ̀, bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán tó wo fọ́tò, ilé á fì sápá ọ̀tún, síbi òpó iná. Díẹ̀ ni. Ẹlòmíì ò ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí kàlẹ́ńdà ilé onílé ń dà láàmú, báwo ni irú rẹ̀ ṣe máa rójú sùn?

“Ẹ gbé e sókè jù ni,” ni onífọ́tò wí. “Ojú kámẹ́rà a máa tẹ ilé tó bá ga.”

Ó gbé e sílẹ̀. Ilé fì. Ó sún un sẹ́yìn, ó tún sún un síwájú. Ilé fì. Onífọ́tò wá sọ pé bóyá dígí ojú rẹ̀ ni kò dáa, kó fi ránṣẹ́ padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ tán, Bàbá Gúnrégé so òkúta kékeré mọ́ òwú, ó fi í kọ́ òkè fèrèsé bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, ó sì ya ilé náà mọ́ òwú ọ̀hún. Òwú náà ṣe bàìbàì díẹ̀ nítorí ó sún mọ́ kámẹ́rà jù, ṣùgbọ́n ó gún ṣánṣán. Òpó iná bá a gún. Ilé nìkan ni kò bá wọn gún.

Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ ronú pé ó lè má jẹ́ ẹ̀bi òun. Èrò náà ò dùn mọ́ ọn.

Ó wá fọ́tò àkọ́kọ́ tó yà látorí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọjọ́ náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ojú ọ̀run tó wà láàárín ilé àti òpó iná fẹ̀ tó ìka ọwọ́, lókè bí ìsàlẹ̀. Nínú tuntun, ìsàlẹ̀ ṣì fẹ̀ tó ìka, ṣùgbọ́n òkè ti tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ó jókòó. Áyọ́ọ̀nù ń lọ ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, kò sì sọ pé ohunkóhun ò gún.

Ọjọ́ kejì, àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá gba aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó ń ráhùn: ilẹ̀kùn òun kì í padé mọ́. Káfíńtà ti fá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún há.

“Apá ibo ló ti ń há?” ni Bàbá Gúnrégé bi í.

“Lókè, lápá ọ̀tún. Kí ló dé, Bùọ̀dá?”

“Kò sí.”

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ bí ẹni tó fẹ́ ra bọ́tìnì. Ìyẹn ń rẹ́rìn-ín sọ fún un pé róòlù òwú tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ òun báyìí, òun kì í wá a kiri mọ́. Abẹ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ òpó iná ni gbogbo wọn ń yí gbirigbiri lọ. Ògiri náà ti sán níbẹ̀. “Aláǹgbá ti ríbi wọ̀,” ló wí, ó sì tún ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Bàbá Gúnrégé gbé ọwọ́ lé ògiri náà. Ó tutù, iyẹ̀pẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì ń dà nínú rẹ̀ láìdá.

Ó kó àwọn fọ́tò fún ìyàwó rẹ̀ wò. Ìyàwó yọ áyọ́ọ̀nù nínú iná. Ó tò wọ́n sórí tábìlì.

“Wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín,” ló wí. “Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ pé ẹ bẹ́ mi lórí.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ àbúrò mi wà nínú ilé yẹn. Ẹ lọ.”

Orí bákónì òkè ló ti bá Bàbá Onílé. Ọkùnrin tó sanra, tó fẹ́ràn ẹ̀rín, tí kì í pariwo bínú. Ó gba fọ́tò méjèèjì, ó nà wọ́n jìnnà sójú, ó nà wọ́n súnmọ́ ojú.

“Alágbàfọ̀, kámẹ́rà rẹ ló wọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo fi òwú wò ó.”

“Òwú.” Bàbá Onílé dá fọ́tò padà fún un. “Ilé tí mo dúró tì láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ìwọ tó o gba kámẹ́rà lánàá lo fẹ́ wá fi òwú bá mi dán an wò. Lọ sinmi. Ikọ́ yẹn ti ń dé ọpọlọ.”

Àwọn ayálégbé tó wà lórí àtẹ̀gùn rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ilé kíkọ́; akọ̀wé ibẹ̀ gba àwọn fọ́tò náà, ó ní àwọn á rán èèyàn wá. Kò sẹ́ni tó wá. Bàbá Gúnrégé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Bó bá jí láàárọ̀, á máa gbàdúrà pé kó jẹ́ òun ni òun ò mọ̀ ọ́n yà. Lẹ́yìn náà á lọ síbi àmì ṣọ́ọ̀kì, á tẹ̀ ẹ́, á sì wo àárín ilé àti òpó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Oúnjẹ ò wọlé fún un mọ́.

Òjò ló yanjú ọ̀rọ̀. Ó rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi kọ omi. Nígbà tó dá, Bàbá Gúnrégé ya fọ́tò, ó sì rí i pé ojú ọ̀run ò sí láàárín ilé àti òpó lókè mọ́. Etí òrùlé ti fara kan òpó. Ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ pe àbúrò rẹ̀.

Tíṣà wo àwọn fọ́tò náà tò tẹ̀ léra nínú kámẹ́rà, látorí ti àkọ́kọ́ dórí tòní. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Bùọ̀dá, ẹ tún fi ti àkọ́kọ́ hàn mí.”

Ó tún un wò. Lẹ́yìn náà, ó dìde, kò dágbére. Wọ́n rí i láti ojú fèrèsé bó ṣe ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú báàgì. Ó padà wọlé, ó mú bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá wọn jiyàn. Yóò kàn gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín yàrá wọn, bọ́ọ̀lù náà á sì yí lọ fúnra rẹ̀ sápá òpó iná, á kọ lu ògiri, á dúró. Ẹni tó bá ti rí i kì í bi í ní ìbéèrè kejì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mátírẹ́ẹ̀sì ti ń jáde lórí èèyàn, ìkòkò ń jáde, aránṣọ ti gbé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ilé alágbàfọ̀.

Bàbá Onílé dúró láàárín òpópónà, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó gbójú sókè sí fèrèsé Bàbá Gúnrégé.

“O ti tú mi nílé,” ló wí, kò sì pariwo.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ jáde.”

“Èmi á sùn nínú ilé mi. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹni tí kò ní padà wá bẹ̀ mí.”

Ọmọ Bàbá Onílé obìnrin wá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó bẹ̀ ẹ́. Ó fa ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ fún un, ó sì gòkè lọ. Àwọn ọkùnrin kan sọ pé ká fipá gbé e. A wo ara wa lójú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn yẹn.

Ó lo bí ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀ lóun nìkan. Ilé náà dákẹ́ lọ́nà tí ilé kì í dákẹ́. Láàárọ̀, á jáde sórí bákónì pẹ̀lú tíì rẹ̀, á jókòó kí gbogbo òpópónà lè rí i. Àwọn kan ti ń sọ pé ó jọ pé òótọ́ ni Bàbá Onílé ń sọ. Aránṣọ ti ń bi ara rẹ̀ bóyá kóun kó ẹ̀rọ òun padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn rọra ń yọ, tí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ dáadáa, Bàbá Gúnrégé yí ojú kámẹ́rà títí ó fi mú Bàbá Onílé súnmọ́ ọn bí ẹni tó wà nínú yàrá. Ó rí irun funfun ìrùngbọ̀n rẹ̀. Ó rí èéfín tíì. Bàbá Onílé rí i pé wọ́n ń wo òun. Ó gbé ife rẹ̀ sókè díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń kí ọ̀tá rẹ̀ káàárọ̀, ẹ̀rín sì padà sójú rẹ̀. Bàbá Gúnrégé tẹ̀ ẹ́.

Ó tẹrí ba láti wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà. Láti ọjọ́ tó ti ń sapá, kò tíì ya irú rẹ̀ rí. Ojú, ọwọ́, èéfín, gbogbo rẹ̀ yọ. Ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀ jù, kò kéré jù. Kò sí ohun tó ṣe bàìbàì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti la ẹnu láti pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Ó ṣì tẹrí ba bẹ́ẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n fa aṣọ tó nípọn ya láti òkè délẹ̀. Fèrèsé gbọ̀n. Nígbà tó gbójú sókè, eruku ni, àti ojú ọ̀run gbàgede níbi tí ojú ọ̀run ò sí rí.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó gbé Bàbá Onílé jáde lábẹ́ àwókù. Ó ti kú. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. Nígbà yẹn ni àwọn ará ọ́fíìsì dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀.

Àwọn ayálégbé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Gúnrégé. Kò sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gba ọpẹ́ fún un. Àwọn míì ò wá dúpẹ́. Wọ́n ní kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ pé ilé fì títí kámẹ́rà yẹn fi dojú kọ ọ́. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọmọ wọn gba òdìkejì bí wọ́n bá ń kọjá lábẹ́ fèrèsé náà.

Kó tó di ọjọ́ ìsìnkú, ọmọ Bàbá Onílé wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò jókòó.

“Wọ́n ní ẹ ya bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,” ló wí. “Gbogbo fọ́tò wọn wà nínú ilé tó wó yẹn.”

Bàbá Gúnrégé ò fẹ́ fi í hàn án. Ọmọ náà gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó.

“Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Sí ta ni?”

“Sí mi.”

Ọmọ náà mi orí. Omijé bọ́ sórí dígí kámẹ́rà, ó fi ìka nù ún. Ó ní òun fẹ́ kó tóbi. Onífọ́tò ló bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì jẹ́wọ́ pé nínú gbogbo èyí tóun ti yà láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí irú rẹ̀. Wọ́n gbé e síwájú pósí. Àwọn tó wá láti òkèèrè ń bi ara wọn pé ta ló ya fọ́tò dáadáa báyìí, wọ́n sì fẹ́ kó wá ya tiwọn. Bàbá Gúnrégé ní àyà òun ò gbà á.

Ó pẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n jọ ń jẹun, fèrèsé ṣí sílẹ̀ sórí ilẹ̀ asán.

“Ilé tiwa yìí ńkọ́?” ló wí. “Ẹ ò yà á rí.”

Ọjọ́ kejì, Bàbá Gúnrégé gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta náà, ó sọdá, ó dúró lórí àwókù ilé Bàbá Onílé. Ìyàwó rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Ó dúró de ìlà títí ó fi di àwọ̀ ewé. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó tún un wò.

“Ó gún,” ló ké sí i.

“Ẹ bọ̀ wá jẹun, nígbà náà.”

Kò tíì kúrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bíríkì kékeré kan, ó fi ń fa ìlà síbi tí ẹsẹ̀ irin náà dúró sí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò kan ò tíì sọ nǹkan kan. Èyí tó máa yà lẹ́yìn òjò tó ń bọ̀, tó máa fi wé e, ló ń dúró dè.